Bí Ohùn àti Àwòrán Ṣe Ń Rìn Nínú Ilé Ńlá

Bí ó ti wù kí ènìyàn lóhùn tó, ibi tí ohùn rẹ̀ lè dé ní ààlà. Ẹni tí ó bá dúró níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó sì ń kígbe, ọ̀fun rẹ̀ ni ó ń dá lóró, nítorí àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò ní gbọ́ ju ariwo lásán lọ. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa fi ní akéde, tí wọ́n sì fi ní ìlù. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, àwọn ilé kan ti tóbi tó ìlú. Pápákọ̀ òfurufú, ilé ìwòsàn ńlá, yunifásítì, àti àwọn gbọ̀ngàn ìjọsìn gbàgàdà tí ó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, gbogbo wọn ni ó ń gba èrò rẹpẹtẹ. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ níhìn-ín gbọ́dọ̀ dé ọ̀hún, àwòrán ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níwájú sì gbọ́dọ̀ hàn sí àwọn tí ó wà lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é wò.

Fífi wáyà pín ohùn kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1935 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbà láti ilé-iṣẹ́ BBC sínú ilé àwọn ènìyàn ní Èkó; ní ọdún 1939, ó dé Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá sanwó ni wọ́n ń fa wáyà fún, tí wọ́n sì ń fún ní àpótí kékeré kan. Onílé kò lè yan ohun tí yóò gbọ́: ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni àpótí yóò sọ. Wáyà náà kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Bákan náà ni ó rí nínú àwọn ilé ńlá fún ìgbà pípẹ́: ohùn ní wáyà tirẹ̀, àwòrán ní tirẹ̀, tẹlifóònù ní tirẹ̀, títí wọn yóò fi lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn inú igbó.

Ohun tí ó yí ọ̀ràn náà padà ni pé a ti kọ́ bí a ṣe ń sọ ohùn di òǹkà. Ẹ̀rọ kan á máa wọn ohùn tí ó gba ẹnu máíkù wọlé ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, á sì máa kọ ohun tí ó bá wọ̀n sílẹ̀. Àwọn òǹkà wọ̀nyí ni a ń dì ní ìdì kéékèèké, tí a sì ń kọ ibi tí ìdì kọ̀ọ̀kan ń lọ sí i lára, gẹ́gẹ́ bí a ti í kọ ọ́ sí ara lẹ́tà. Nígbà tí ohùn bá ti di òǹkà báyìí, wáyà kọ̀ǹpútà kan náà tí ó ń gbé èsì ìdánwò lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá lè gbé e.

Ohùn kò wúwo. Ohùn ẹnì kan kò gbà ju mílíọ̀nù kan bíìtì àti díẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; bíìtì ni òǹkà tí ó kéré jù lọ tí kọ̀ǹpútà mọ̀, òdo tàbí ení. Àwòrán gan-an ni baba ẹrù. Àwòrán tí ó mọ́ kedere, tí ó ń yí padà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ń gbà tó bílíọ̀nù 3 bíìtì. Bẹ́ẹ̀ sì ni wáyà tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé kì í gbé ju bílíọ̀nù 1 lọ. Ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkíní ni pé kí á lo okùn gíláàsì tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tí ó lè gbé bílíọ̀nù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Okùn yìí a tún máa lọ jìnnà, nígbà tí wáyà bàbà kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ. Èkejì ni pé kí á fún àwòrán náà pọ̀. Ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní H.264, tí ó jáde ní ọdún 2003, lè sọ ọ́ di nǹkan bí mílíọ̀nù 10, nítorí pé kì í tún ohun tí kò yí padà fi ránṣẹ́: ògiri tí ó wà lẹ́yìn olùkọ́ kò ṣípò, kí ni a ó máa rù ú kiri fún? Ṣùgbọ́n fífún pọ̀ ń gba àkókò. Ẹni tí ó bá ń wo olùkọ́ lójúkorojú, tí ó sì tún ń wò ó nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, lè rí i pé ẹnu tí ó wà nínú ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là nígbà tí ti olùkọ́ ti pa dé.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbà pé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán 100 ni ó wà nínú pápákọ̀ òfurufú kan, tí gbogbo wọn sì ń fi àwòrán kan náà hàn. Bí a bá fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mílíọ̀nù 10 lọ́nà 100 ti di bílíọ̀nù 1, wáyà ti kún dẹ́nu. Èyí dà bí ọba tí ó ń rán ìránṣẹ́ kan sí ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìlú. Ẹnu ọ̀nà ààfin yóò dí fọ́fọ́. Ọba tí ó gbọ́n yóò sọ fún àwọn ìjòyè àdúgbò, àwọn ìjòyè yóò sọ fún àwọn baálé, àwọn baálé yóò sì sọ fún ará ilé wọn. Ní ọdún 1989, Steve Deering ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni yóò jáde láti orísun. Àwọn àpótí tí ó wà ní oríta wáyà, tí wọ́n ń pè ní switch, ni yóò máa ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ẹ̀ka tí ó bá béèrè fún un. Àwọn àpótí náà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó béèrè o. Bí a kò bá kọ́ wọn ní èyí, wọn yóò da àwòrán sí gbogbo ojúlé bí àgbàrá òjò, kọ̀ǹpútà akọ̀wé tí kò bá wọn dá sí i yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀.

Ọ̀ràn tí ó jọ mí lójú jù nínú iṣẹ́ yìí ni ti àkókò. Òǹkà ń sáré nínú wáyà bí mànàmáná, ṣùgbọ́n ohùn nínú afẹ́fẹ́ ń rìn ní nǹkan bí mítà 340 péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí ó jókòó ní mítà 100 sí iwájú gbọ̀ngàn, bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ó wà lókè orí rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sì ní pẹ́ tí ti iwájú yóò tún fi dé bá a, tí ọ̀rọ̀ yóò fi di méjì-méjì létí rẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ ẹ̀yìn pé kí ó dákẹ́ díẹ̀, kí ó dúró de ohùn iwájú. Irú ìdúró bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe àfi bí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé bá ń wo aago kan náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn omele ti í fetí sí ìyáàlù. Ìlànà fún mímú aago wọn bára dọ́gba jáde ní ọdún 2002. Ó lè mú kí ìyàtọ̀ àárín wọn má tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Síbẹ̀, ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà, olè pẹ̀lú lè gbà á. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2016, àwọn àjèjì kan wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn pápákọ̀ òfurufú Hanoi àti Ho Chi Minh ní orílẹ̀-èdè Vietnam. Lójijì, àwọn ojú ẹ̀rọ tí àwọn èrò fi ń wo àkókò ọkọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ èébú hàn nípa ìjà òkun tí ó wà láàárín Vietnam, Philippines àti Ṣáínà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà sì ń sọ ohun tí kò sí òṣìṣẹ́ kankan tí ó rán an. Ńṣe ni wọ́n pa àwọn ẹ̀rọ náà, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi ọwọ́ ṣe ìwé àwọn èrò.

Ẹ rò ó wò bí ó bá jẹ́ pé iná ni ó ń jó ní ọjọ́ náà. Nítorí irú èyí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń ya ọ̀nà ohùn àti àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí àlejò ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń pàṣẹ pé bí ọ̀nà bá há, kí gbogbo ẹrù yòókù yà fún ìkéde ewu. Ní ọ̀pọ̀ ilé ńlá, wọ́n tún ń fi máíkù kan pamọ́ sínú àpótí fún àwọn panápaná, èyí tí wáyà rẹ̀ lọ tààrà sí ara ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí kò gba ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kankan kọjá.