Ẹ̀KỌ́ INÚ ÌTÀN: TA LÓ LẸ́TỌ̀Ọ́ LÁTI DÁRÍ JI OLÈ?

Ìtàn tí a ó yẹ̀ wò lóṣù yìí ni "The Blue Carbuncle", ìtàn òkúta iyebíye aláwọ̀ búlúù, tí Arthur Conan Doyle, dókítà tó di òǹkọ̀wé, gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Strand ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kìíní ọdún 1892. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà á kí wọ́n lè mọ ẹni tó jalè. Ẹ jẹ́ kí àwa bi ara wa ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí ló mú un jalè, ta ló sì ṣẹ̀?

Kókó ìtàn náà nìyí. James Ryder, òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan, àti Catherine Cusack, ọmọ ọ̀dọ̀ obìnrin ọlọ́lá kan, gbìmọ̀ pọ̀ láti jí òkúta obìnrin náà. Wọ́n wá iṣẹ́ kékeré kan sí yàrá rẹ̀, wọ́n sì pe John Horner, púlọ́ńbà, láti ṣe é. Bó ti jáde tán, Ryder kó òkúta, ó sì figbe ta. Ọlọ́pàá mú Horner. Ó dákú nílé ẹjọ́. Ryder fi òkúta náà bọ́ ẹyẹ kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n nígbà tó máa mú ẹyẹ náà lọ, ó ṣi òmíràn mú. Báyìí ni òkúta ṣe dé ọwọ́ Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, tó wádìí títí ó fi mú Ryder. Ryder sunkún, Holmes sì ní kó máa lọ.

Èkíní, àníyàn. A kò gbọ́ pé ebi ń pa Ryder. Ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ojúkòkòrò ni sábàbí rẹ̀. Ẹ wá wo Peterson, mẹ̀kúnnù tí ìyàwó rẹ̀ rí òkúta náà lọ́fun ẹyẹ. Ó mọ̀ pé ohun iyebíye ni, síbẹ̀ ó sáré gbé e fún Holmes, kó tó gbọ́ rárá pé ẹ̀bùn pọ́n-ùn 1,000 wà fún ẹni tó bá rí i.

Èkejì, ẹni tí wọ́n fi bojú. Wọ́n ti dá Horner lẹ́bi olè rí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Ryder mọ̀ pé báyìí ni aráyé ń ronú, ohun tó sì fi ṣọdẹ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, àánú Holmes. Ó ní ìdí: ẹ̀rù ti ba Ryder dé ibi pé kò ní jalè mọ́, ẹ̀wọ̀n yóò sì sọ ọ́ di ọ̀daràn títí ayé. Bí Ryder kò bá sì jẹ́rìí, ẹjọ́ Horner yóò fọ́. Ọ̀rọ̀ yìí nítumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ta ni Holmes fi tọrẹ? Kò sẹ́ni tó bi Horner. Ẹjọ́ tó fọ́ nítorí pé kò sí ẹlẹ́rìí yóò ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé, ṣùgbọ́n kò ní fọ orúkọ mọ́. Ryder gan-an, ìgbà tí Holmes rán an létí ló tó dárúkọ Horner. Ẹkún pé ọwọ́ bà á ni, kò tíì di túúbá. Túúbá lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì kò pé títí a ó fi dá ohun rẹ̀ padà, orúkọ rere wà lára ohun náà.

Ohun tó ká mi lára jù nìyí: Holmes kò fẹ́ kí Ryder wọ aṣọ olè, ṣùgbọ́n ó fi tí Horner sílẹ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ni ìbá mú àánú Holmes pé?
2. Ṣé ó yẹ kí Cusack lọ láìsí ìbéèrè?
3. Bí owó bá sọnù láàrin wa, ta ni a kọ́kọ́ ń wò, kí sì nìdí?

Ẹ dáhùn ẹ̀kẹta kí ẹ tó dá Ryder lẹ́jọ́.