Ògì Nìkan Kò Tó Ọmọ

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí oúnjẹ ọmọ láti oṣù 6 títí dé ọdún 5. Púpọ̀ nínú wa ní Challenge níbí ni ó ń tọ́jú ọmọ-ọmọ nígbà tí ìyá wọn bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tàbí ibi iṣẹ́. Ọwọ́ wa ni àwo oúnjẹ ọmọ wà.

Ní 1956, Dókítà David Morley dé sí Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ilé ìwòsàn tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì rí i pé èéyi, ikọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ, pàápàá àwọn tí oúnjẹ wọn kò dára. Ó dá kílíníìkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Wọ́n ń gbé ọmọ sórí ìwọ̀n lóṣooṣù, wọ́n ń sàmì sí káàdì, ìyá rẹ̀ ni ó sì ń tọ́jú káàdì náà. Bí ìlà inú káàdì bá ń gòkè, ara ọmọ ń le. Bí kò bá gòkè mọ́, ewu ti ń bọ̀, bí ọmọ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Irú káàdì yìí ti tàn ká ayé.

Kí ló dé tí ògì nìkan kò tó? Omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ikùn ọmọ tètè ń kún, ṣùgbọ́n ohun tí ń mú ara dàgbà kéré níbẹ̀. Àwọn ará Gáà ní Ghana ni ó ni orúkọ náà kwashiorkor: àìsàn ọmọ tí àbúrò gba ọmú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ àti ojú a wú, irun a pọ́n. Ẹ má ṣe rò pé ọmọ náà sanra ni.

Ohun tí a ó ṣe nìyí:

1. Ọmú nìkan ni kí a fún ọmọ fún oṣù 6. Kí ó sì máa mu ún lọ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.
2. Ẹ yan ẹ̀wà sóyà, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Bí ẹ bá ń se ògì, ẹ pò ó mọ́ ọn, kí ó sì hó dáadáa. Ẹ̀pà lílọ̀ tàbí edé gbígbẹ lílọ̀ dára pẹ̀lú.
3. Ẹ fún ọmọ ní mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, àti ẹyin. Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè!
4. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fún ọmọ lóúnjẹ.
5. Ẹ gbé ọmọ lọ wọ̀n lóṣooṣù.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ọmọ ilé wa jẹ lánàá, yàtọ̀ sí ògì?
2. Níbo ni káàdì rẹ̀ wà, kí sì ni ìlà inú rẹ̀ ń sọ?
3. Ta ni ìyá kan ní àdúgbò wa tí ó yẹ kí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí kí oṣù yìí tó parí?