Yíyan Ẹ̀gùn fún Ọdẹ

Ẹni tí ó bá dúró ní ẹ̀bá títì Ìkòròdú ní Máìlì 12 ní òwúrọ̀, tí ó ń wo bí àwọn alábàárù ti ń sọ apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti àpò àlùbọ́sà kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ńláńlá, kò lè rántí ẹran igbó rárá. Ariwo ọkọ̀ àti ti ọlọ́jà yóò ti gba etí rẹ̀ kan. Síbẹ̀ bí ó bá yí ojú sí ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí odò Ògùn ti ń wọ́ lọ sínú ọ̀sà ní ẹ̀gbẹ́ Agbóyì, yóò rí i pé àbàtà àti koríko gíga kò tíì tán pátápátá ní agbègbè Kòsọ́fẹ́. Kí ìlú Èkó tó gbòòrò dé Kétu àti Ìkòsí, igbó àti oko ni ó wà níbẹ̀. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọdẹ kò lè yin ìbọn láàárín ilé àti ọjà. Yóò kọjá lọ sí ìhà Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, tàbí kí ó wọ inú àwọn igbó Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ará ìlú ti ń ra ẹran ìgbẹ́ tí irú àwọn ọdẹ bẹ́ẹ̀ pa.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn àgbà ọdẹ ń gbà ṣọdẹ òru. Èkíní ni kí ọdẹ de iná mọ́ orí, kí ó máa rìn nínú igbó, kí ó máa wá ojú ẹran tí yóò tàn yanran nínú òkùnkùn. Èkejì ni kí ó dẹ̀gùn. Ẹ̀gùn ni pẹpẹ tí ọdẹ kàn sí orí igi, tí ó ń jókòó lé ní ìdákẹ́jẹ́, tí ó sì ń dúró de ẹran tí yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni ti èkíní. Iṣẹ́ sùúrù ni ti èkejì.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa rò pé ẹran ni ohun àkọ́kọ́ tí ó wà lọ́kàn ọdẹ nígbà tí ó bá ń yan ẹ̀gùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojúlówó ọdẹ kọ́kọ́ ń bi ara rẹ̀ ni bí òun yóò ti ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá já bọ́ láti orí igi ní òru, ní ibi tí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe rẹ̀, egungun itan kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́ tó láti pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Àní ìbéèrè kan yìí ni gbogbo ọgbọ́n ẹ̀gùn rọ̀ mọ́.

Ẹran tí ọdẹ ẹ̀gùn sábà ń dúró dè ní ilẹ̀ Yorùbá ni ẹtu àti àgbọ̀nrín. Ẹtu kéré. Àgbọ̀nrín tóbi jù ú lọ. Awọ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ní àmì funfun wínníwínní àti ìlà funfun lára. Akọ nìkan ni ó ń hu ìwo, ìwo náà sì lọ́ bí okùn. Igbó dídí tí ó súnmọ́ omi ni ó fẹ́ràn, àfẹ̀mọ́jú, ìrọ̀lẹ́ àti òru ni ó sì sábà ń jáde jẹun. Bí ẹ̀rù bá bà á, a máa gbó bí ajá, ọ̀pọ̀ ọdẹ tí kò mọ̀ ni ó sì ti rò pé ajá olóko ni ó wà nítòsí. Àwọn tí ń túmọ̀ èdè Òyìnbó sí Yorùbá ti fi orúkọ àgbọ̀nrín pe ẹran ilẹ̀ òkèèrè kan tí ó fara jọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ìwo ẹran Amẹ́ríkà àti Yúróòpù yẹn a máa re lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù dípò rẹ̀. Ìwo àgbọ̀nrín tiwa kì í re títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Imú àti etí wọn ni ó mú bákan náà, ìdí sì nìyí tí ọgbọ́n ẹ̀gùn kò fi yàtọ̀ púpọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Amẹ́ríkà.

Ipa ẹsẹ̀ ni ọdẹ fi ń mọ ibi tí yóò gbé dẹ̀gùn. Yóò wo ojú ọ̀nà tí ẹran ń gbà lọ mu omi, yóò wo imí, yóò wo èso tí ó jẹ kù sílẹ̀. Ìdí igi eléso ni àwọn ọdẹ sábà ń ṣọ́, pàápàá ìyeyè, ọ̀pọ̀tọ́ àti òro. Nígbà tí ìyeyè bá ń já bọ́ ní àkókò òjò, òórùn rẹ̀ a gba gbogbo igbó, ẹtu a sì máa wá ṣà á jẹ. Òpè ni yóò gun igi ìyeyè náà fúnra rẹ̀. Igi ìyeyè kò le, ẹ̀ka rẹ̀ a máa ṣẹ́ láìròtẹ́lẹ̀, ẹran tí ń jẹun ní ìdí rẹ̀ a sì gbọ́ bí pẹpẹ bá dún kẹ́rẹ́. Igi mìíràn tí ó kọjú sí i, tí ó sì jìnnà sí i ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ 20 sí 30, ni ọlọ́gbọ́n ń lò.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ṣòro ju ti ipa ẹsẹ̀ lọ. Ẹran lè má rí ènìyàn, ó lè má gbọ́ ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n bí òórùn ènìyàn bá kan imú rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ní agbègbè Èkó, níbi tí ọ̀sà àti òkun kò jìnnà, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ láti orí omi wá sí orí ilẹ̀ ní ọ̀sán, nítorí pé ilẹ̀ yára gbóná ju omi lọ. Bí alẹ́ bá lẹ́, tí ilẹ̀ tutù ju omi, afẹ́fẹ́ yìí a rọlẹ̀, ìgbà mìíràn a tilẹ̀ yí padà, a sì máa fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sí orí omi. Nítorí náà igi tí ó dára ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lè sọ ọdẹ di aláìríṣẹ́ṣe ní agogo mẹ́wàá òru. Ẹni tí ó mọ èyí a yan igi méjì sí ìhà méjì ọ̀nà ẹran, a sì da eérú díẹ̀ sílẹ̀ láti ọwọ́ kí ó tó gòkè, kí ó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ.

Gíga ẹ̀gùn a máa ran èyí lọ́wọ́ díẹ̀, nítorí òórùn ọdẹ lè gba òkè orí ẹran kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn kan a máa gun òkè ṣáá, bí ẹni pé ẹran yóò máa pọ̀ sí i bí wọ́n ti ń ga sí i. Ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20 tó. Bí ọdẹ bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ẹran nìkan ni yóò máa rí, ọ̀nà tí ọta yóò gbà dé ọkàn rẹ̀ yóò sì há. Bí ó bá sì ṣubú, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tí ó fi kún un kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Igi náà ńkọ́? Kí ó wà láàyè ṣáájú ohun gbogbo. Ọ̀sán gangan ni kí ọdẹ yí ìdí rẹ̀ ká, kì í ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Bí olú bá hù sí ìdí rẹ̀, inú rẹ̀ ti ń jẹrà. Bí ọdẹ bá fi ẹ̀yìn àdá kàn án tí ó dún bí ìlù, ihò ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ikán bá ti mọ ilẹ̀ gun ara rẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ fún ikán. Kí ó wo òkè pẹ̀lú, nítorí ẹ̀ka gbígbẹ tí ó há sáàárín ewé ń dúró de ìjì àkọ́kọ́ ni. Kí ó wá ihò oyin àti ilé agbọ́n. Ènìyàn lè fara da ẹ̀fọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ láàárín tanpẹ́pẹ́. Araba àti ìrókò tóbi jù, ẹ̀wọ̀n kò lè yí wọn ká. Ọ̀pẹ gún, ṣùgbọ́n ejò àti eku fẹ́ràn àárín imọ̀ rẹ̀. Igi tí ó dúró ṣánṣán, tí ó nípọn tó àyà ọkùnrin tí ó sanra, tí èèpo rẹ̀ kò sì dán ni ó yẹ.

Fún ẹni tí ó bá ń dẹ̀gùn ní etí odò Ògùn, nǹkan kan tún wà láti wò. Ilẹ̀ àbàtà kì í di gbòǹgbò mú ṣinṣin, odò náà a sì máa kún ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, ọ̀pọ̀ ilé ni omi wọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ tí ó wà ní títì Ìkòròdú àti ní àwọn àdúgbò mìíràn tí ó wà ní ẹ̀bá odò náà. Igi tí ó ti dúró nínú irú omi bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè tutù yọ̀yọ̀ lójú, kí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ sì ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ẹ̀gùn àtijọ́ kò ná ọdẹ ní kọ́bọ̀. Ọ̀pá tútù mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò tò sáàárín ẹ̀ka méjì, yóò sì fi itàkùn dì wọ́n. Àbùkù rẹ̀ ni pé itàkùn tí ó tutù lónìí yóò gbẹ lọ́la, yóò sì dẹ̀. Kò sí ohun tí ó ń tan ọdẹ jẹ tó ẹ̀gùn èṣí, nítorí ojú ti mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ kò sì bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ní Amẹ́ríkà, irin ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀gùn báyìí. Òmíràn ní àkàbà lára. Òmíràn wà tí ọdẹ fi ń gun igi díẹ̀díẹ̀ bí adẹ́mu ti ń gun ọ̀pẹ. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ń gbé kọ́ ara igi. Pẹpẹ kékeré àti ìjókòó ni èyí tí a ń gbé kọ́ yìí, ẹ̀wọ̀n tàbí ọ̀já líle ni a fi ń dè é mọ́ igi, ọdẹ yóò sì de àtẹ̀gùn kéékèèké mọ́ igi náà lọ́tọ̀ láti fi gòkè. Òun ni ó dára jù fún igbó dídí, nítorí igi eléka kò dí i lọ́wọ́, kò sì gba àyè.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé ni kí ó kọ́kọ́ wò. Lára púpọ̀ nínú wọn ni a kọ ọ́ sí pé wọn kò gbọdọ̀ gbé ju 300 pọ́n-ùn lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bí kílò 136. Ara ọdẹ, aṣọ rẹ̀, ìbọn àti àpò, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìṣirò náà. Irin wúwo, ó sì ń dípẹtà. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Ní ilẹ̀ ọlọ́rinrin bí Èkó, ìpẹtà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi. Àwọn tí ń jó irin pọ̀ ní àyíká Owódé Onírin, wọ́n sì lè ṣe ẹ̀gùn fún ẹni tí ó bá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Kí ọdẹ ṣáà rí i pé irin tuntun ni wọ́n lò, kì í ṣe àgékù tí kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ó bá gbé e délé, kí ó so ó mọ́ igi ní gíga orúnkún, kí ó dúró lé e, kí ó jókòó, kí ó yí sọ́tùn-ún yí sósì, kí ó sì fetí sí i. Bí ó bá ń dún níbẹ̀, yóò dún ju bẹ́ẹ̀ lọ ní òru.

Okùn ni ó gba ìṣọ́ra jù. Okùn tí a ti fi di ẹrù mọ́ ọkọ̀ láti ìhà Àríwá wá sí Máìlì 12 kò wọ́n ní ọjà, ojú rẹ̀ sì lè dára. Oòrùn ti jẹ ẹ́, iyanrìn ti wọ inú fọ́nrán rẹ̀. Ó lè di àpò àlùbọ́sà mú. Kí ọdẹ má fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wé àlùbọ́sà. Ọ̀já tí a fi so ẹ̀gùn mọ́ igi pẹ̀lú kò gbọdọ̀ wà lórí igi láti ọdún dé ọdún, nítorí igi ń sanra, yóò sì fà á ya.

Adẹ́mu kì í gun ọ̀pẹ láìsí igbà. Igbà náà yí ọ̀pẹ ká, ó yí òun náà ká, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀, igbà yóò gbà á. Ó yani lẹ́nu pé ọdẹ tí ń rí adẹ́mu lójoojúmọ́ a máa gun igi tirẹ̀ lásán. Ọ̀já tí àwọn ọdẹ òkèèrè ń lò gba èjìká, àyà àti itan kọjá. Ọ̀já ìbàdí nìkan kò tó, nítorí bí ènìyàn bá já bọ́ tí ó rọ̀ sórí rẹ̀, ikùn rẹ̀ ni yóò fún pọ̀, kò sì ní lè mí. Bí a tilẹ̀ lo èyí tí ó pé, ẹni tí ó bá rọ̀ pẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò kó sí ẹsẹ̀, òòyì yóò sì kọ́ ọ. Nítorí náà kí ó ní okùn kúkúrú kan tí a ta ní kókó, tí yóò lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ láti fi gbé ara rẹ̀ sókè. Kí fóònù rẹ̀ wà ní àpò àyà, kì í ṣe nínú àpò tí ó gbé kọ́ ẹ̀ka. Kí ó sọ fún ará ilé igbó tí òun ń lọ, àti ìgbà tí òun yóò dé.

Ti ìbọn kò gba àlàyé púpọ̀. Òfin Ìbọn ọdún 1959 ní kí oníbọn gba ìwé àṣẹ. Ọdẹ kò gbọdọ̀ gbé ìbọn gun igi. Ìsàlẹ̀ ni yóò fi í sí láìní ọta nínú, yóò fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó, yóò sì fà á gòkè nígbà tí ó bá ti jókòó tán, tí ọ̀já sì ti dè é mọ́ igi.

Ewu tí ó tóbi jù kì í sí níbi ìdúródè. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ kì í sábà ṣubú. Ìgbà tí ó bá ń kúrò lórí àtẹ̀gùn bọ́ sórí pẹpẹ, tàbí láti orí pẹpẹ padà sórí àtẹ̀gùn, ni ẹsẹ̀ ń yọ̀. Èyí sì lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìbọn bá ti dún. Àyà ọdẹ ń lù kìkì, ojú rẹ̀ wà ní ibi tí ẹran ṣubú sí, ìrì ti sẹ̀ sórí irin, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kú tipiri nítorí ìjókòó pípẹ́. Ọdẹ tí ó gbọ́n yóò tún jókòó fún ìgbà díẹ̀. Yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi padà sínú wọn. Yóò yọ ọta, yóò fi okùn sọ ìbọn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gúnlẹ̀, yóò sì kọjú sí igi bí ó ti ń sọ̀, ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá tẹ ilẹ̀ ni yóò tó tú ọ̀já àyà rẹ̀, tí yóò gbé iná sókè, tí yóò sì máa tọ ojú ẹ̀jẹ̀ lọ.