Àwọ̀ Aró Lára Pákó Arère

Iṣẹ́: Iṣẹ́ igi, girama àgbà ọdún kìíní

Èròńgbà
Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè wo pákó tó ní àbàwọ́n, kí ó sì mọ̀ bóyá ó ti jẹrà ni tàbí àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Ohun èlò
Pákó arère méjì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan tó ti ṣú bí ẹni ta aró sí i; ọ̀bẹ; omi díẹ̀.

Ohun tó ń fà á
Fọ́ńgáì ni, ẹbí olú tí à ń jẹ. Bí wọ́n bá ti gé igi lulẹ̀, ṣúgà àti sítáàṣì inú rẹ̀ di oúnjẹ ọ̀fẹ́. Lasiodiplodia theobromae wà lára àwọn tó ń ṣe arère báyìí. Òun kan náà ló ń ba iṣu jẹ́ lẹ́yìn ìkórè, nítorí náà àjèjì kọ́ ni nílé wa. Ó máa ń na okùn tín-ín-rín káàkiri inú igi. Àwọ̀ búráùn tó ṣú ni okùn náà ní. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bá igi pàdé ló mú kí ó jọ aró lójú wa.

Inú ìrókò kì í gbà á, àfi apá funfun tó wà lẹ́yìn èèpo. Arère kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó ti jẹrà?
Rárá. Oúnjẹ tó wà nínú igi ló jẹ, kò jẹ igi fúnra rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́: yóò le. Kí wọ́n wá kán omi sí pákó méjèèjì, kí wọ́n wo èyí tó máa tètè fà á mu. Èyí tó ṣú ni. Kò burú fún àjà ilé, ṣùgbọ́n kì í fara da ìkọlù òjijì bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi kò ní fi ṣe àkàbà.

Bí a ṣe ń dènà rẹ̀
Ìyára ni. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni àwọ̀ ti lè wọlé nínú ooru wa. Kí a tètè la gẹdú, kí a to pákó pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, títí omi inú rẹ̀ yóò fi wá sábẹ́ ìdá 20 nínú 100. Gẹdú tó rì sínú omi pátápátá kì í ní in, torí kò sí atẹ́gùn níbẹ̀. Àwọn tó máa ń gbé gẹdú léfòó lórí ọ̀sà lọ sí ibùdó ìlagi Oko Bàbá ní Èkó tẹ́lẹ̀ jèrè èyí, àmọ́ ẹ̀yìn igi tó yọ síta kò bọ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Bẹ káfíńtà àdúgbò rẹ wò. Báwo ló ṣe to pákó rẹ̀? Ya àwòrán rẹ̀, kí o sì fi àmì sí ibi tí atẹ́gùn kò dé.