Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Síwèé Fún Ọmọ

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, ńṣe la máa ń gbàgbé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì mú ìwé wá, ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí kan, ṣé màmá á jẹ́ kí ọmọ kópa níbẹ̀. Ìyá kan á ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, dókítà," á sì fọwọ́ sí i láìkà á. Òmíràn á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Wọ́n fẹ́ fi ọmọ mi dán oògùn wò," á sì gbọ́mọ rẹ̀ lọ. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó bèèrè ohunkóhun. Ẹ̀yin òbí, ẹ lè gbà, ẹ sì lè kọ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe èyíkéyìí láìbèèrè.

Mi ò bá ẹni tó ń bẹ̀rù wí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ní 1996, àrùn yírùnyírùn jà rànyìn ní Kánò. Ilé iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà gbé oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan wá síbẹ̀. Wọ́n kó 200 ọmọ sínú ìdánwò náà, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba ceftriaxone tí àwọn dókítà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Mọ́kànlá nínú wọn kú: márùn-ún lára àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà lára àwọn tó gba ìkejì. Àbùkù ara ṣẹ́kù sára àwọn mìíràn. Pfizer ní àrùn ló ṣe é, kì í ṣe oògùn, àti pé àwọn gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu àwọn òbí. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fáwọn pé ìdánwò ni, ìtọ́jú làwọn rò pé àwọn ọmọ àwọn ń gbà. Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ títí di 2009, kí Pfizer tó bá ìjọba Kánò ṣàdéhùn láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là.

Nínú ọgbà ilé ìwòsàn kan náà tí Pfizer ti ń ṣe ìdánwò yẹn, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières ń fi oògùn tí wọ́n ti mọ̀ tọ́jú aláìsàn. Òbí tó bá mọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ì bá rìn lọ bá wọn. Ibẹ̀ yẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà. Nígbà tó di 2003, tí Kánò dá abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró, ìrántí Trovan wà lára ohun tó mú kí ìfura àwọn èèyàn le, rọpárọsẹ̀ sì tún tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn ọmọ ló tún jìyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá kọ̀, kí ni a ó máa fi tọ́jú ọmọ? Ara ọmọdé kò rí bí ara àgbà. Fífọ́ oògùn àgbà sí méjì fún ọmọ, àfojúdíwọ̀n lásán ni. Ọjọ́ pẹ́ tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kuníìnì ni wọ́n ń fún ọmọ tí akọ ibà bá dá wó. Àwọn oníṣègùn wá ṣe ìwádìí tó fi kuníìnì wé oògùn mìíràn tó ń jẹ́ artesunate, ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án, Ìlọrin tiwa níbí sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ọmọ 5,425 ló kópa. Nígbà tí èsì jáde ní 2010, nínú ọgọ́rùn-ún tó gba kuníìnì, bí 11 ló kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba artesunate, àwọn tó kú ò pé mẹ́sàn-án. Lónìí, artesunate ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí tó gbà nígbà náà ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Kí wá ni kí ẹ bèèrè? Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé: "Bí mo bá kọ̀, ìtọ́jú wo ni ọmọ mi máa gbà?" Nínú gbogbo ìbéèrè, èyí ló ga jù lójú tèmi, torí ìdáhùn rẹ̀ ló ń fi hàn bóyá ìtọ́jú ni wọ́n ń fún yín àbí ìwádìí ni wọ́n ń bẹ̀ yín fún. Bí wọ́n bá dáhùn bí ẹni ń halẹ̀, ẹ dìde. Ẹ bèèrè ẹni tó ń yan oògùn tí ọmọ máa gbà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, bí ẹni ṣẹ́ kèké ni, dókítà gan-an lè má mọ èyí tó bọ́ sí ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ gbígbà máa ń bà wá gan-an: ẹ ní kí wọ́n fi ṣíbí wọn iye tí wọ́n máa fà hàn yín, kí wọ́n sì sọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ta ni yóò sanwó bí nǹkan bá ṣe ọmọ? Ìgbìmọ̀ wo ló yẹ ìwádìí náà wò, ṣé NAFDAC sì mọ̀ sí i bó bá jẹ́ oògùn tuntun? Òfin Ìlera ti 2014 béèrè ìyọ̀ǹda tí a kọ sílẹ̀ lẹ́yìn àlàyé, nítorí náà ẹ kò yájú sí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá ní kí wọ́n tún un sọ, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní Yorùbá.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí kì í bá ṣe pàjáwìrì, ẹ gbé ìwé náà relé, kí bàbá ọmọ rí i, kí ìyá àgbà náà dá sí i. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwa dé. Ṣùgbọ́n bí gìrì bá ń gbé ọmọ lọ́wọ́, kò sí etí tó lè gba àlàyé gígùn. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ dóòlà ẹ̀mí rẹ̀, kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní ṣókí, kí wọ́n sì padà wá ṣàlàyé yékéyéké tí ara bá rọ ọmọ.

Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ ṣì lè yọ ọmọ yín kúrò nígbàkígbà, wọn ò sì gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ dín ìtọ́jú rẹ̀ kù. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà, ẹ rí i pé nọ́ńbà fóònù ẹni tí ẹ lè pè lóru wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi í pamọ́ síbi tí ẹ ń tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ sí.