Ṣòkòtò Àgbàbọ̀ Nínú Orin

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin Ìwó, ilé odíderẹ́, ni mo ń bá wí. Láti ìgbà tí Asake ti gbé àwo Mr. Money with the Vibe jáde ní 2022, ìlù amapiano kan náà, ègbè kan náà ló gba òde ìnáwó kan. Bí a bá pa orúkọ rẹ́ lára orin márùn-ún, ta ni yóò mọ ẹni tó ni èwo?

N kò ní kí ẹ má ṣe àwòkọ o. Ibẹ̀ ni olórin ti ń kọ́ṣẹ́. Abẹ́ Moses Ọláìyá ni Sunny Ade wà kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Green Spots ló pè é, nítorí ẹgbẹ́ Blue Spots ti I.K. Dairo tó lókìkí nígbà náà. Ipasẹ̀ Tunde Nightingale ló sì kọ́kọ́ ń tọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo Juju Music rẹ̀ fi jáde ní 1982, gìtá rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Barrister ńkọ́? Wéré tí wọ́n fi ń jí èèyàn sí sààrì ló bá nílẹ̀. Ó bu sákárà, àpàlà àti jùjú mọ́ ọn, ó di fújì. Fújì yìí náà ló wà nídìí orin Asake tí ẹ ń sín jẹ.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni kí ẹ wá lọ. Ìlú mùsùlùmí láti ayébáyé ni Ìwó. Àwọn bàbá tó ṣe wéré nígbà èwe wọn ṣì wà nínú agbo ilé. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ kó máa gba ohùn wọn. Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn àyàn pẹ̀lú. Ẹ ní kí wọ́n fi dùndún sọ ọ̀rọ̀ orin yín, ẹ ó rí ibi tí ohùn orin ti sọ “ọkọ̀” di “ọkọ́”. Àléébù yìí pọ̀ nínú orin òde òní, ó sì ń dùn mí.

Bíìtì ọ̀fẹ́ tí ẹ gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àìmọye èèyàn ló ti gbà á ṣáájú yín. Kí ẹ tó sanwó sitúdíò, ẹ kọ orin náà fún ìyá yín láìsí ìlù kankan, kí ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́.