Bí ààlà bá yí, ṣé oko bàbá wa yóò bá a lọ?

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà wa, Ọ̀kà ni mo ti ń tajà, oko kòkó bàbá wa sì wà ní ìhà Ìkàrẹ́. Nígbà tí ìjọba kéde LCDA (àgbègbè ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀) 33 ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2023, a jó. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ilé-ẹjọ́ ti fagi lé e. Àwọn ọ̀dọ́ kan tún ń sọ pé ilẹ̀ tí ìlà tuntun bá gbé sí òdìkejì ti di ti ìlú kejì nìyẹn. Ẹbí wa ò sùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló sì dé tí ìjọba ìbílẹ̀ tuntun kì í fi í dúró?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ sùn. Ààlà ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe ààlà oko. Ohun tó ń pín ni iṣẹ́ ìjọba: ta ni yóò tún ọ̀nà oko ṣe, ọ́fíìsì wo lẹ ó ti gba ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, káńsẹ́lọ̀ wo lẹ ó dìbò fún. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí ẹbí tó ti ń dáko sórí ilẹ̀ ìgbèríko kí òfin tó dé máa bá a lọ, bí ẹni pé ìjọba ìbílẹ̀ ló fún wọn níwèé àṣẹ. Bí ìlà bá yí, ọ́fíìsì lè yí. Ẹbí tó ni oko kò yí.

Ti ìbéèrè kejì, Ìwé Òfin 1999 ti ka ìjọba ìbílẹ̀ 774 lórúkọ, 6 ti Àbújá wà nínú wọn. Oǹdó ní 18. Mẹ́rin ni ti Àkókó, Ìkàrẹ́ jẹ́ olú ọ̀kan, Ọ̀kà jẹ́ olú òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀kan kún un, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àti káńsẹ́lọ̀ tó ń ṣojú àdúgbò náà gbọ́dọ̀ béèrè fún un. Àwọn ará àdúgbò á dìbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta á gbà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn káńsù ìpínlẹ̀ náà á fọwọ́ sí i, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní Àbújá á wá kọ orúkọ rẹ̀ sínú òfin. Ibẹ̀ lẹsẹ̀ Èkó ti kọ́. Ó dá 37 kún 20 tó ní. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 2004 pé ìpínlẹ̀ lágbára láti dá wọn sílẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ náà ò tíì parí títí Àbújá yóò fi ṣe tirẹ̀. Títí dòní, LCDA ni wọ́n ń jẹ́.

Owó ló ń lé gbogbo wa, kẹ́ ẹ má tan ara yín. Nínú owó ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ti Àbújá wá, 40% ni wọ́n ń pín lọ́gbọọgba, ìbáà jẹ́ ìlú ńlá, ìbáà jẹ́ ìletò. Àdúgbò tó bá pín sí méjì á nawọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ní Jàpáàn, ìdàkejì ni wọ́n ṣe: ọmọ ò pọ̀ mọ́, gbèsè pọ̀, ìjọba wọn sì fi owó tan àwọn ìlú kéékèèké láti dà pọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ wọn jẹ́ 3,232 ní 1999. Nígbà tó fi di 2010, wọ́n ku 1,727. Ọ̀pọ̀ ìlú pàdánù orúkọ tí wọ́n ń jẹ́.

Ká padà sórí oko yín: ẹ fi àwọn ọ̀dọ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ pe àwọn tẹ́ ẹ jọ pààlà, àtará Ọ̀kà àtará Ìkàrẹ́, kẹ́ ẹ rìn yí oko náà ká. Níbi tí pèrègún bá ti kú, ẹ gbin òmíràn lójú gbogbo wọn. Kí sọ̀fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọ̀n ọ́n, kí àgbà méjì láti ìhà kọ̀ọ̀kan buwọ́ lu ìwé náà. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sílé, kẹ́ ẹ gbé ọ̀kan fún lọ́yà yín.